Ìlà 14 February: bá a ṣe wọlé ní èèyàn 94 tá a jáde ní èèyàn 71

Oṣù July 2023 ni, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká ṣe sign-out, ìyẹn ayẹyẹ tá a fi ń kẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa, mo ń kó ẹrù mi jáde nínú yàrá tí mo háyà lẹ́yìn gẹ́ẹ̀tì ilé ìwé torí owó ilé ti fẹ́ parí, ni mo bá bá ìwé áténdáǹsì méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti 100 level, ìkejì jẹ́ ti 400 level, eku sì ti jẹ etí ti àkọ́kọ́. Èmi ni igbákejì kọ́ọ̀sì rẹ̀pù wa, ìyẹn aṣojú kíláàsì, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi ni mo máa ń gbé áténdáǹsì káàkiri kíláàsì, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé mi ò gbà kẹ́nì kan buwọ́ lùwé fún ẹlòmíì, bó o jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tó ò bá ti sí ní kíláàsì, o ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bá mi jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ka orúkọ inú ti àkọ́kọ́. 94. Mo ka ti 400 level. 82. Mo wá ṣí WhatsApp grúùpù kíláàsì, èèyàn 71. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti lọ o, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ mi ò jókòó kà á rí. Èèyàn 23! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíró fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mo dé ìkẹwàá mo dúró torí mi ò rántí ojú ẹni náà mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé a jọ pín bẹ́ǹṣì kan náà ni fún ọdún kan gbáko.

Ẹ jẹ́ n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Microbiology la kà, ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. JAMB 2017 la ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ 2018 la wọlé, kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin ni, ìparí 2021 ló yẹ ká ti kó ìwé wa ká máa lọ. August 2023 la ṣe tán.

Àwọn tí ò kàwé nílùú yìí láàárín ọdún yẹn lè má mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. 4 November 2018 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lójú tiwa, ó di 7 February 2019 kí wọ́n tó padà, ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni nínú wa púpọ̀, a sùn, a jẹun ìyá wa, a padà. Ti 2020 ló wá kọ́kọ́ yàtọ̀. 9 March 2020 wọ́n ní ìyanṣẹ́lódì ọ̀sẹ̀ méjì péré làwọn fẹ́ fi kìlọ̀ fún ìjọba, 300 level la wà, àwa márùn-ún nínú grúùpù lábù wa ń wá kòkòrò àìfojúrí tó máa ń jẹ́ kí ògì kan, a ti fi omi ògì sórí agar, ohun tí wọ́n fi ń mú kí wọ́n hù nínú àwo, a ti rí àwọn tó hù, a kó àwọn àwo wa sínú fíríìjì lábù, a kọ orúkọ grúùpù wa sí i lára, a ní ọ̀sẹ̀ méjì náà kẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún tó pé, kòrónà ti dé, wọ́n ti ilé ìwé, 23 March ASUU sọ tiwọn di aláìlópin, 30 March Lagos àti Ogun wọ kónílé-ó-gbélé, ó wá di 23 December kí wọ́n tó sọ pé àwọn dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ìgbà tá a padà sí lábù yẹn ní 2021, iná ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn àwo yẹn ti di dúdú, òórùn ẹ̀ ò ṣe é ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú àwa márùn-ún náà ò sì padà wá. A da àwọn àwo yẹn nù, a pín ara wa lọ́tun, a ń ṣe é lọ. Mi ò rántí pé ẹnì kan béèrè pé níbo ló wà.

Mo fẹ́ ká fi ojú sí gbólóhùn yẹn torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ni 14 February 2022. Ọjọ́ Monday ni. Friday tó ṣáájú ẹ̀, 11 February, la ṣe kíláàsì kẹ́yìn, 400 level la wà, ó ku díẹ̀ ká bọ́. Mo ní àṣà kan, tí kíláàsì bá ti tán mo máa ń fi rúlà fa ìlà ti kíláàsì tó kàn sílẹ̀ kí n má baà máa sáré bó bá di ọjọ́ náà, mo fà á lọ́jọ́ Friday yẹn, mo kọ 14/2/2022 sókè ẹ̀. A ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ o, mo fà á bẹ́ẹ̀ náà. Ìlà yẹn ló wà nínú ìwé tí mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àyè 82 ló wà lábẹ́ ẹ̀, kò sí ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìgbà tá a padà ní October, wọ́n yí tàìmù-tébù, mo lo ìwé míì.

Báyìí, ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kọmítì tó ń ṣètò sign-out fẹ́ tẹ álúbọ́ọ̀mù kíláàsì, fọ́tò kálukú, orúkọ, ìlú, ohun tó máa rántí. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ti gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú áténdáǹsì 100 level sórí grúùpù, mo kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ká fi gbogbo 94 sínú ẹ̀. Hàà, ariwo ta. Àwọn kan ní kò sówó, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ 29 May, bẹntiróòlù ti fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480, ọkọ̀ láti gẹ́ẹ̀tì dé fákọ́tì ti di ìlọ́po méjì, àwọn ẹlòmíì ń fẹsẹ̀ rìn wá ṣe project. Atẹ̀wé náà ní ká mú ẹgbẹ̀rún 46 kún un fún àwọn ojú ìwé tó máa lé. Tẹ́ ẹ bá pín in, nǹkan bíi 650 náírà lórí ẹnì kan. Àmọ́ kì í ṣe owó ni ọ̀pọ̀ ń jà lé lórí. Alága kọmítì ní álúbọ́ọ̀mù àwọn tó ṣe tán ni, kì í ṣe ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ó ní bí ayé ṣe rí nìyẹn, káwọn tó lọ máa lọ.

Ó pẹ́ kí n tó fèsì. Ohun tí mo kọ nìyí: òwe yẹn dáa, àmọ́ àwọn ọmọdé inú ẹ̀, wọ́n dàgbà ni wọ́n fi tú ká, ẹnì kan lọ fẹ́yàwó, ẹnì kan gbaṣẹ́, eré ló tán. Tiwa, eré ò tíì tán. Wọ́n pa iná mọ́ wa lórí, kálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá padà bọ̀ nígbà tíná dé, kò túmọ̀ sí pé òun ló gbọ́n jù, ilé tiẹ̀ lè má jìnnà ni.

Wọ́n ní ó dáa, tó o bá lè wá wọn rí, ká dìbò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi.

Èmi àti àwọn mẹ́rin kan nínú kíláàsì la pín orúkọ 23 yẹn. Méje rọrùn, 100 level àti 200 level ni wọ́n ti lọ, àwọn kan yí dìpátímẹ́ǹtì, àwọn kan ni èsì wọn ò dáa, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ìyẹn ò kan sitiráíkì rárá, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mẹ́rìndínlógún tó kù ló lọ láàárín March 2020 sí October 2022. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé márùn-ún péré ló lọ nítorí ti 2020, àwọn mọ́kànlá ló lọ ní 2022, bẹ́ẹ̀ ti 2020 ló gùn jù, oṣù mẹ́sàn-án ó lé, ti 2022 ò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Mo ro ó títí, mo bi àwọn tá a rí léèrè. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ní 2020, gbogbo ayé ló dúró. Ṣọ́ọ̀bù tì, ọjà tì, ọ̀rẹ́ ẹ tó wà ní yunifásítì aládàáni náà wà nílé, kò síbi tó o fẹ́ sá lọ, o kàn ń dúró bí gbogbo èèyàn ṣe ń dúró ni. Ní 2022, ìwọ nìkan lo dúró. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ń kó sáàtífíkéètì, wọ́n ń wọ khaki, ìwọ ń fọ abọ́ nílé. Èyí tó tún burú jù ni bí wọ́n ṣe ń fi kún un. Ẹ wò ó: 14 February wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. 14 March wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kún un. 9 May, ọ̀sẹ̀ méjìlá. 1 August, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin míì. 29 August wọ́n wá sọ ọ́ di aláìlópin. Ká ní wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ kìíní pé oṣù mẹ́jọ ni, ọmọ èèyàn ì bá lọ kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, kó padà. Àmọ́ ọ̀gá wo ló máa gba ọmọ iṣẹ́ tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lòun ní? Gbogbo ìgbà lo máa ń wò ó pé ó ku díẹ̀. Àwọn tọ́rọ̀ náà sú ló wá lọ mú nǹkan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó ní òpin, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún kan, ọdún méjì, ìgbà tí ASUU sì padà ní 14 October, àdéhùn tiwọn ò tíì tán. Ó dà bíi pé kò síbi tí wọ́n ti ka èyí sí nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí IPPIS (ètò tí ìjọba fi ń sanwó oṣù) àti UTAS (èyí tí ASUU fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀) àti àdéhùn tí ìjọba bá ASUU ṣe ní 2009. Mi ò bú àwọn olùkọ́ wa, ìjọba ò sanwó oṣù fún wọn nígbà yẹn, mo mọ ọ̀kan nínú wọn tó ń fi mọ́tò ara ẹ̀ gbé èrò. Mo kàn ń sọ ohun tí fífà á díẹ̀díẹ̀ yẹn ṣe fún àwọn ọmọ ni.

Nínú àwọn mẹ́rìndínlógún náà, a rí méjìlá. Mẹ́ta ti lọ yunifásítì míì, ọ̀kan nínú wọn ní Kútọnu, ó ti ṣe tán kódà. Ọ̀kan wà ní Canada, ọ̀kan wà ní UK. Mẹ́fà ń ṣiṣẹ́, POS, fóònù títúnṣe, irun ṣíṣe, télọ̀, olùkọ́ ní primary, ọ̀kan bá bàbá ẹ̀ ní oko kòkó. Ẹnì kan ti kú, àìsàn ni, June 2022, àwọn èèyàn ẹ̀ ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa náà ò pè. Mẹ́rin tó kù a ò rí, nọ́ńbà ò lọ mọ́.

Ti télọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà fi di tèmi.

Èmi àti ẹ̀ la jọ sun bẹ́ẹ̀dì kan ní hóstẹ̀lì ní 100 level, òun ló ni bed space, èmi ni mo ń squat, kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀wé ju èmi lọ. Oṣù April 2022 ló lọ jókòó ti àǹtí ẹ̀ tó ń ránṣọ, ó ní kóun máa fi lo àkókò náà. Ìgbà tí mo pè é ní July 2023 yẹn, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni o." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ álúbọ́ọ̀mù fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀yin lẹ yọ mi kúrò o."

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé. November 2022, a ti padà, ilé ìwé ní kí kálukú wá ṣe registration, òun ń bá màmá ẹ̀ sọ ọ́ lọ́wọ́, màmá ẹ̀ ń bi í pé ṣé wọn ò tún ní daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù méjì, òun ń sọ pé 400 level lòun wà, ó ku sẹ́mẹ́sítà kan àtààbọ̀. Bọ̀ọ̀dá ẹ̀ ti ní òun máa bá a san school fees. Ó ní òun mú fóònù pé kóun bi wọ́n léèrè lórí grúùpù pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti portal, ló bá rí i pé wọ́n ti yọ òun. "Mo ní ó dáa, àwọn náà ti mọ̀ pé mi ò bọ̀ mọ́ nìyẹn." Ohun tó sọ nìyẹn. Kò bínú tó fi sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi ni mo yọ ọ́. Àwa admin mẹ́ta la wà, kọ́ọ̀sì rẹ̀pù ní ká yọ gbogbo ẹni tí ò bá tíì san dues tí ò sì tíì register, kí grúùpù mọ́, kí ìkéde lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Mo jókòó níwájú list, mo ń tẹ orúkọ, remove, remove, ó lè má gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Mo rò ó pé màá pè é tó bá yá.

Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yẹn, mo sunkún, ó ní kí n yéé sunkún, pé òun ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì, máṣíìnì mẹ́ta, òun ò jókòó sílé. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ mo mọ ẹni tó jẹ́, mo mọ bó ṣe máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì láti fi ojú sí microscope títí tí wọ́n á fi ní kó jáde. Kì í ṣe pé iṣẹ́ télọ̀ ò dáa. Kì í ṣe ohun tó yàn ni.

Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ sórí grúùpù, mo sọ ohun tí mo ṣe láìfi nǹkan kan pamọ́. Bọ̀ọ̀dá wa kan tá a ń pè ní Bàbá Kíláàsì ló kọ́kọ́ fèsì. Ọmọ ọdún 26 ni wọ́n nígbà tá a wọlé, ká ní a ṣe tán ní 2021 wọn ì bá lọ sìnlú, àmọ́ ní August 2023 wọ́n ti lé ní 30, exemption nìkan ni NYSC lè fún wọn, àbúrò wọn tó lọ yunifásítì aládàáni ti sìnlú tán ṣáájú wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà fẹ́ lọ ní 2022. Torí pé ẹnì kan nínú yín ń pè mí ní gbogbo Sunday ni mi ò ṣe lọ. Ẹ fi orúkọ wọn síbẹ̀, mo máa san ti èèyàn mẹ́wàá." Ẹni tó ń pè wọ́n yẹn ò sọ̀rọ̀. Títí dòní a ò mọ ẹni náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, owó ẹgbẹ̀rún 46 ti pé, alága gan-an ló san ti èèyàn mẹ́ta, kò tiẹ̀ sí pé ẹnì kan ń dìbò mọ́.

Ọjọ́ sign-out, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, máákà, omi, pọ́dà, gbogbo èèyàn ń kọ nǹkan sí ara wọn lẹ́yìn. A pe àwọn tá a rí. Mẹ́rin nínú wọn wá, télọ̀ náà wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó rán fúnra ẹ̀, kọ́là ẹ̀ dúró bó ṣe yẹ, mo rántí ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ bá a. Òun ló wá bá mi, ó ní, "Ìwé yẹn dà?"

Mo ti gbé e dání. Mo ṣí i sí ojú ìwé 14 February. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kíláàsì kan wà tá a ò tíì ṣe. Bí wọ́n ṣe tò sórí ìlà nìyẹn, láìsí ẹni tó ní kí wọ́n tò, àwọn tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń gba bíró lọ́wọ́ ara wọn, kálukú ń wá nọ́ńbà ẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, nọ́ńbà 17, nọ́ńbà 40. Télọ̀ náà buwọ́ lu tiẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbé bíró fún ẹni tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ti lọ ní 2020 ò ní nọ́ńbà nínú ìwé yẹn, mo kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀, 83 dé 87.

Ni fóònù Bàbá Kíláàsì bá dún, video call, èyí tó wà ní Canada ni, òru ṣì wà lójú ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Ó rí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé, "Ẹ bá mi sign, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà 52." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni mo fi ń sọ pé mi ò gbà á.

Mo gba bíró. Mo bi í bó ṣe máa ń kọ sígínéṣọ̀ ẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi yàwòrán ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, mo ń tẹ̀lé e.